Sinimá ọjọ́ Sátidé: ṣé ká gbọ́ ti lámèyítọ́ ni, àbí ká gbọ́ ti ìyàwó?

Bàbá Tèmi, Kubwa · Ọjọ́rú, 8:14 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ń dá wàhálà sílẹ̀ nílé mi, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyàwó mi ti ní sinimá la máa lọ ní Sátidé yìí, ní Jabi Lake Mall. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló fẹ́ wò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ kí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ má baà wá bú mi níbí. Èmi náà ní kí n kọ́kọ́ tọpinpin. Ọmọkùnrin lámèyítọ́ kan wà lórí YouTube tí mo máa ń gbọ́ àgbéyẹ̀wò fíìmù rẹ̀, ẹni tí kì í sábà ṣì í sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún gbáko ló fi tú fíìmù náà palẹ̀. Ó ní orin bo ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré mọ́lẹ̀, ó ní láti ìdajì lọ, ìtàn náà ń fà bí ilá. Mo gbé fóònù fún ìyàwó mi kó gbọ́ fúnra rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi dá a padà fún mi. Ó ní, "Ṣé òun ló máa bá mi rẹ́rìn-ín ni?"

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì, gúgúrú, ohun mímu, mọ́tò láti Kubwa lọ àti bọ̀: kò lè dín ní ₦20,000. Ìdí tí mo fi ń bi yín nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá sọ nípa fíìmù, ṣé ó máa ń yí yín lọ́kàn padà, àbí ariwo lásán ni?

Ìyá Ìbejì, Nyanya · Ọjọ́rú, 8:31 alẹ́

Ẹ gbé ìyàwó yín lọ sinimá jàre, Bàbá Tèmi. ₦20,000 tí ẹ ń ṣírò yẹn, tí ẹ bá tìtorí ẹ̀ bá a jà, ẹ máa ná jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́ tán.

Èmi ò ka rífíù rí láyé mi. Ojú òṣèré ni mò ń wò. Tí mo bá ti rí Ọdúnladé Adékọ́lá lára póstà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún mi mọ́. Tó bá jẹ́ ti YouTube ni, mo máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí àwọn tó ti wò ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Kì í ṣe ẹni tó ń yìn ín ni mò ń wá níbẹ̀ o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kọ "Ọlọ́run á gbé yín ga" sábẹ́ gbogbo fíìmù, kí wọ́n tó wò ó pàápàá. Ohun tí mò ń wá ni "apá kejì dà?" Tí mo bá ti rí i pé ó pọ̀, ó túmọ̀ sí pé wọ́n já ìtàn náà sí àárín. Mo kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Oní-Memory, Mararaba · Ọjọ́rú, 9:02 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ìdí iṣẹ́ ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Ọdún 2009 ni mo ti wà nídìí ká ta fíìmù. CD ni nígbà yẹn, memory card ló kù báyìí. Oníbàárà á na memory sí mi, á ní, "Bá mi fi tuntun sí i, ti ₦500." Kò sí ẹni tó bi mí rí pé kí ni lámèyítọ́ sọ.

Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n máa ń bi mí. Ta ló wà níbẹ̀? Ṣé ó parí? Ṣé mo lè wò ó níwájú àwọn ọmọ? Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Bàbá tẹ́là kan wà lójú títì wa, ó gbé memory rẹ̀ lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó di òwúrọ̀ kùtù, ó ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ó na memory sí mi, kò kí mi. Ó ní kí n yọ fíìmù kẹta kúrò níbẹ̀, òun àti ìyá ìyàwó òun lòun jọ jókòó nígbà tí ibẹ̀ yẹn dé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi méjì míì dí i fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tiẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ran kì í wo ibi tí ọmọdé bá ti kú. Ọlọ́kadà kan, tí kò bá sí ìjà nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó máa dá a padà. Pásítọ̀ kan sì wà tí kì í fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun ń ra fíìmù Jagun Jagun àti irú ẹ̀, ọmọ ló máa ń rán wá. Tí mo bá ní "Ìyá, èyí máa bá yín lára mu," wọ́n ti gbà á nìyẹn. Ẹ ẹ̀ rí i pé èmi gan-an ni rífíù wọn?

Alàgbà láti Kaduna · Ọjọ́rú, 9:47 alẹ́

Ọmọ mi Oní-Memory, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn tán. Ṣé o mọ ohun tí irú iṣẹ́ yẹn fi ojú Mósè Ọláìyá rí? Baba Sàlá gbé Ọ̀run Mooru jáde ní 1982. Kó tó jèrè owó tó fi ṣe é, fíìmù náà ti dé ọwọ́ àwọn tó ń dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri. Gbèsè ńlá ni ọkùnrin náà kó sí. Má bínú pé mo sọ ọ́ síta.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìbéèrè Bàbá Tèmi. Ní 1979 tí Ogunde gbé Aiyé jáde, ọmọ ilé-ìwé ni mo jẹ́ ní Òṣogbo. Ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ló ń yí ìlú ká láti ọ̀sán, tó ń kéde. Kò sí ẹni tó ń jókòó kọ àgbéyẹ̀wò fún wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àjẹ́ ló wà nínú fíìmù yẹn, àwọn tó kọ́kọ́ lọ wò ó kò sì lè dá jáde lọ sẹ́yìnkùlé lálẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó ti wọ ìwé mẹ́wàá nígbà yẹn, ń jí mi láàárín òru kí n wá sìn ín lọ tọ̀. Ìbẹ̀rù ojú ẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n lọ sunkún fún ìyá mi pé kó fún mi lówó ìwọlé.

Oní-Memory, Mararaba · Ọjọ́rú, 9:55 alẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín dé mi níbi tó yẹ. Tí ọ̀nà míì bá ṣí tí mo lè máa gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, màá gbà á. Àmọ́ kò sí sinimá kankan ní Mararaba, àwọn èèyàn ibí ò sì ní ₦7,000 tí wọ́n máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Samaru, Zaria · Ọjọ́bọ̀, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìmọ̀ títa ọjà ni mò ń kà, ọ̀rọ̀ yìí sì wà nínú ohun tí mò ń kọ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Amẹ́ríkà, Eliashberg àti Shugan, ti béèrè ìbéèrè yìí ní 1997, ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ló wù mí. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé lámèyítọ́ ló ń darí èèyàn lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí agbára ẹ̀ ti hàn jù, torí nígbà yẹn kò tíì sí aládùúgbò tó ti wò ó tó lè sọ fún ọ. Tó bá sì jẹ́ pé ohun tó wu lámèyítọ́ kàn bá ohun tó wu ará ìlú mu ni, a jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ṣẹ. Wọ́n wá wo owó tó wọlé. Èyí kejì ni wọ́n bá. Ohun tí lámèyítọ́ sọ bá owó àwọn ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn mu, ó bá àròpọ̀ owó mu, kò fi bẹ́ẹ̀ bá ti ìbẹ̀rẹ̀ mu. Bí babaláwo ló rí: ó rí i nínú ọpọ́n, òun kọ́ ló rán an wá.

Ní 2003, Basuroy, Chatterjee àti Ravid tún un yẹ̀ wò, wọ́n ní ó jọ pé lámèyítọ́ ń ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n rí nǹkan kan tó dá mi dúró: bí èébú ṣe ń pa fíìmù lára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ju bí ìyìn ṣe ń ràn án lọ́wọ́ lọ. Òṣèré olókìkí àti owó ńlá sì lè gba fíìmù tí wọ́n bú sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ti yìn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fi kún tiẹ̀.

Àwọn méjì míì, Reinstein àti Snyder, wá wo Siskel àti Ebert ní 2005, àwọn lámèyítọ́ orí tẹlifíṣàn tí wọ́n máa ń na àtàǹpàkò sókè tàbí sísàlẹ̀. Wọ́n ní agbára wọn kò pọ̀ lápapọ̀, àfi lórí fíìmù tí kò sí ní sinimá púpọ̀ àti fíìmù tó dá lórí ìṣòro ọmọ ènìyàn.

Bàbá Tèmi, tiyín jẹ́ apanilẹ́rìn-ín, ó sì wà ní gbogbo sinimá. Ìwé ò gbè yín o.

Ìyá Ìbejì, Nyanya · Ọjọ́bọ̀, 7:05 àárọ̀

Ọmọ mi, ìwé rẹ á tà. Ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà ni wọ́n kà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jí tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn pẹ̀lú tíì. Ẹni tó wọ mọ́tò ní Nyanya láti aago márùn-ún àárọ̀, ìgbà wo ló máa ka nǹkan tí lámèyítọ́ kọ?

Ọmọ Sabon Gari, Kano · Ọjọ́bọ̀, 10:40 àárọ̀

Kano ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n fi tibí kún un. Bàbá mi máa ń mú wa lọ sí sinimá El Dorado ní Sabon Gari, fíìmù Íńdíà ni wọ́n ń gbé síbẹ̀ jù. Mother India, 1957 ni wọ́n ṣe é. Títí di bíi 1990 sí i, wọ́n ṣì ń gbé e jáde ní Kano, sinimá sì ń kún. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè Híńdì níbẹ̀. Bàbá kan máa ń jókòó sílà iwájú, ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ òṣèré ní Haúsá kí òṣèré tó lanu.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ ń ṣe bíi pé ohun tí èèyàn kò mọ̀ ló ń wá lọ sí sinimá. Àwọn tibí, ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n ń lọ bá. Kí ni rífíù fẹ́ sọ fún ẹni tó ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá?

Ẹni tó ń kọ ọ́, Gwarinpa · Ọjọ́bọ̀, 1:18 ọ̀sán

Mo ti ń kà yín láti àná, mo sì ń pa á mọ́ra. Èmi wà lára àwọn tí ẹ ń sọ̀rọ̀ wọn. Ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kọ àgbéyẹ̀wò fíìmù wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú egbò mi hàn yín. Mami Wata, ti C.J. Obasi, gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún fíìmù Sundance ní Amẹ́ríkà ní 2023 nítorí bí wọ́n ṣe yà á, dúdú àti funfun látòkè délẹ̀. Àwọn lámèyítọ́ nílé lóko yìn ín. Nígbà tó dé sinimá níbí, mo lọ wò ó lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Àwa márùn-ún la wà nínú gbọ̀ngàn, ọ̀kan ń hanrun. Kí ọdún yẹn tó parí, ní oṣù December, Fúnkẹ́ Akíndélé gbé A Tribe Called Judah jáde. Kò dúró de ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó jó lórí Instagram, ó jó lórí TikTok, ó ń yọ sí àwọn èèyàn nínú sinimá. Kó tó pé oṣù kan, ó ti pa bílíọ̀nù kan náírà, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó débẹ̀ ní sinimá ilẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹni tó bá ní lámèyítọ́ ń darí èrò, kó wá bá mi jẹun, màá sọ fún un.

Ìdí tí ẹ kì í fi gbà wá gbọ́, àwa la fà á. Olóòtú fíìmù kan pè mí nígbà kan, ó fi ₦50,000 lọ̀ mí, ó ní kí n ṣáà "fojú àánú wò ó." Mo ní rárá. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, mo rí àgbéyẹ̀wò kan náà, kọ́mà sí kọ́mà, lójú ewé èèyàn mẹ́ta. Àṣìkọ kan wà ní ìlà kejì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kó o. Kì í ṣe tiwa nìkan, ṣá. Lọ́dún 2000, ilé-iṣẹ́ Sony ní Amẹ́ríkà dá lámèyítọ́ kan tí kò sí láyé sílẹ̀, David Manning, tó ń yin fíìmù wọn nínú ìpolówó. Ìwé ìròyìn Newsweek tú àṣírí ọ̀hún ní 2001. Ní 2005 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là, kí ẹni tó wo fíìmù wọ̀nyẹn lè gba $5 padà.

Kí ẹ sì dákun, ẹ yéé ka iye orí Rotten Tomatoes, ojúlé ayélujára tó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn lámèyítọ́ jọ, bíi máàkì ìdánwò. Iye lámèyítọ́ tó ní ó dára nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tí gbogbo wọn bá gbé èjìká pé "ó ṣeé wò," 100 ló máa jẹ́. Fíìmù Super Mario Bros. ti 2023 kò tilẹ̀ dé 60 lórí ẹ̀, ó sì pa owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, torí ọmọdé kì í ka rífíù, ọmọdé ló sì ń fa òbí lọ́wọ́ wọ sinimá.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ mi gbé ẹnikẹ́ni nílẹ̀. Fíìmù kékeré kan ni, òṣèré ẹ̀ ò lórúkọ, ọ̀sẹ̀ kan péré ló lò. Èèyàn méjì kọ̀wé sí mi pé tìtorí mi làwọn ṣe lọ. Méjì. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọn ṣì wà nínú fóònù mi.

Ará Lugbe · Ọjọ́bọ̀, 1:50 ọ̀sán

Tèmi ò ju pé kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ yéé sọ ẹni tó kú fún wa. Mo san owó tíkẹ́ẹ̀tì, mo sì ti mọ̀ pé ọkọ ló pa á. Mo kàn jókòó tí mò ń wo ọkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọlọ́pàá ni.

Ẹni tó ń kọ ọ́, Gwarinpa · Ọjọ́bọ̀, 2:03 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi kọ́ o, ṣùgbọ́n mo bá ẹni tó ṣe é tọrọ àforíjì.

Bàbá Tèmi, Kubwa · Ọjọ́ Àìkú, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìsinmi o. A ti lọ, a ti bọ̀. ₦23,400, torí ìyàwó mi ní gúgúrú kékeré ò tó èèyàn méjì.

Ohun tó ṣe mí rèé. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà dùn, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí orin bá ti gbéra, ṣe ni etí mi nà. Ìyá kan ń bá ọmọ ẹ̀ wí nílé ìdáná, ó na ṣíbí ọbẹ̀ sí i, ibẹ̀ pani lẹ́rìn-ín gan-an, gbogbo gbọ̀ngàn ń fò sókè. Èmi ń gbọ́ dùùrù. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ń gbọ́ ọ. Kò sí. Nígbà tó dé ìdajì, mo yọ fóònù wo aago, mo ní "ilá ti bẹ̀rẹ̀ nìyí" láìmọ̀ pé mo sọ ọ́ síta. Ìyàwó mi ní kí ni mo wí?

Nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú mọ́tò, lójú ọ̀nà Kubwa, mo bi í bóyá ó gbọ́ bí orin ṣe bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Orin wo?"

Ọmọ Samaru, bá mi fi eléyìí sínú ìwé rẹ. Ọmọkùnrin orí YouTube yẹn ò lè dá mi dúró sílé, ṣùgbọ́n ó bá wa wọ sinimá, ó jókòó sáàárín èmi àti ìyàwó mi. Bí mi ò bá gbọ́ tiẹ̀ ṣáájú, ṣé màá gbọ́ dùùrù yẹn? Mi ò mọ̀. Bóyá ó sọ òótọ́ nípa orin yẹn. Bóyá òun ló fi orin náà sí mi létí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Samaru, Zaria · Ọjọ́ Àìkú, 4:41 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, màá fi sí i. Wọn ò wọn irú èyí nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó ń kọ ọ́, Gwarinpa · Ọjọ́ Àìkú, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Èmi náà ti lọ wò ó lánàá. Orin ọ̀hún pọ̀ jù lóòótọ́. Mo gbọ́ àgbéyẹ̀wò ọmọkùnrin yẹn kí n tó lọ, nítorí náà ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìyá Ìbejì, Nyanya · Ọjọ́ Àìkú, 5:32 ìrọ̀lẹ́

Bàbá Tèmi, apá kejì dà? Ẹ sọ ti dùùrù, ẹ sọ ti ilá, ẹ ò sọ bóyá ìyàwó yín gbádùn ẹ̀.

Bàbá Tèmi, Kubwa · Ọjọ́ Àìkú, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Òun àti àbúrò ẹ̀ ń padà lọ wò ó ní ọjọ́ Jímọ̀. Wọn ò pè mí.